Bọ́lá Kan, Àkáǹtì Méjì

Ó ṣòro láti wo ẹni tó ń kọ kóòdù kí ojú ó sì gbádùn rẹ̀. Lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ẹ ó rí iná, ẹ ó sì gbọ́ owú. Ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà kò ní nǹkan kan láti fi hàn yín ju ìpàkọ́ rẹ̀ lọ. Ó tẹjú mọ́ gíláàsì, ó pòṣé, ó pa nǹkan rẹ́, ó tún un kọ. Bí iṣẹ́ náà bá yọrí, ẹ kò ní mọ ìgbà tó yọrí. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí ní Èkó ni kò tíì rí i rí kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe é lójú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí tó ti parí ni wọ́n ń rí, tàbí fídíò tí wọ́n ti gé gbogbo àṣìṣe inú rẹ̀ dànù.

Ohun tó ń fà mí lọ sí ìpàdé àwọn tó ń fi èdè Python kọ kóòdù ní Yábàá lọ́jọ́ Sátidé nìyẹn. Ẹgbẹ́ kékeré ni. Kò ní ọ́fíìsì, ẹnikẹ́ni kò sì gba owó oṣù níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ló ń yá wa ní yàrá òkè, torí pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kì í wá ní òpin ọ̀sẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ UNILAG àti Yabatech ló pọ̀ jù, nítorí wọ́n lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Àwọn kan ń ti Ìkòròdù àti Ọ̀tà bọ̀, tí gosiló á ti fi ojú wọn rí màbo kí wọ́n tó wọlé. Àwọn tó ń gbowó dọ́là wà níbẹ̀. Àwọn tí kò ní láàptọ́ọ̀pù náà wà níbẹ̀, orí fóònù ni wọ́n ti ń tẹ kóòdù, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a máa ń bi ara wa lórí WhatsApp láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé kò kan Python rárá. “Ṣé iná wà níbẹ̀?” ni.

Kì í ṣe gbogbo ìpàdé ló máa ń dùn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé kọ́ọ̀sì ni wọ́n wá tà, àwọn kan ń wá ẹni tí yóò bá wọn wáṣẹ́ ní Kánádà. Àwọn mìíràn á gbé àwòrán aláwẹ́-aláwẹ́ tí wọ́n ń pè ní sláìdì wá, wọ́n á máa ka ohun tó wà lára ògiri fún wa bí ẹni pé a kò mọ̀wé. Tèmi ni pé ẹni tó bá ti gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wá ti sá fún iṣẹ́ gan-an. Inú àwòrán, kóòdù kì í bàjẹ́. Ẹni tó fẹ́ kọ́ wa ní nǹkan, kó ṣí ojú ìwé òfìfo, kó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀.

Àṣà kí àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀rọ máa pàdé kí wọ́n sì tú u wò papọ̀ ti pẹ́. Ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹta, ọdún 1975, àwọn bí ọgbọ̀n èèyàn kóra jọ sí gáréèjì Gordon French ní Menlo Park ní Kalifọ́níà, wọ́n fẹ́ wo kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Altair 8800. Ibẹ̀ ni Homebrew Computer Club ti bẹ̀rẹ̀. Steve Wozniak wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, nígbà tó sì ya àwòrán ẹ̀rọ tó di Apple I, ọ̀fẹ́ ló ń pín in fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń sáré gba ibẹ̀ lọ sídìí owó Apple. Ẹlòmíràn ló máa ń wù mí láti ronú sí: Lee Felsenstein, ẹni tó ń darí ìpàdé nígbà tí èrò ti kún ju gáréèjì lọ, tí wọ́n ti kó lọ sí gbọ̀ngàn kan ní Stanford. Apá méjì ló pín ìpàdé sí. Ní apá kìíní, oníkálùkù á dìde, á sọ ohun tó ní, ohun tó ń wá, ohun tó gbọ́. Ní apá kejì, gbogbo èèyàn á túká sáàárín yàrá, ẹni tó ní á wá ẹni tó ń wá lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ náà lọ, àmọ́ ẹ gbìyànjú láti fi ṣàkóso àwọn tó ti mọ nǹkan tẹ́lẹ̀, tí kálukú ń fẹ́ kí wọ́n gbọ́ tòun, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ ni.

Python fúnra rẹ̀ jáde ní oṣù Kejì, ọdún 1991, láti ọwọ́ Guido van Rossum, ọmọ Nẹ́dálándì. Nàìjíríà ṣe PyCon, àpérò ńlá àwọn tó ń lo Python, tirẹ̀ àkọ́kọ́ ní 2017, gbogbo Áfíríkà sì pàdé ní Akírà ní 2019. Àwọn wọ̀nyẹn ni àjọ̀dún. Ní Yábàá kan náà, nígbà tí Mark Zuckerberg yọjú sí CcHub ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, àwòrán ọjọ́ náà rin gbogbo ayé já. Kò sí oníròyìn tó ń wá síbi ìpàdé Sátidé, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ẹ ti lè rí ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n tó ń darí tiwa kò gbọ́ Felsenstein rí, àmọ́ ọgbọ́n kan náà ló ń lò. Kì í béèrè pé, “Ṣé ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè?” torí ó mọ̀ pé dídákẹ́ ni yàrá máa ń fi dáhùn. Yóò ti wo ẹni tí kò tíì sọ̀rọ̀, yóò wá sọ pé, “Ìwọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbo ló ti há sí ọ lọ́wọ́?” Bó ṣe sọ ọ́ ti fi hàn pé kò sí ẹni tí kì í há sí lọ́wọ́, ìtìjú á sì dín kù. Bí ẹni tó mọ̀ jù bá ti fẹ́ gba ọ̀rọ̀ mọ́ onítọ̀hún lẹ́nu, ẹ̀gbọ́n á gbé ọwọ́ sókè láìwo ojú rẹ̀. Ó ti tó.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ọmọ Yabatech kan ló gbé ọ̀ràn wá. Ó ń ṣe ètò kékeré kan fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ìyá rẹ̀ wà: orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, iye tó dá, iye tó yá. Obìnrin kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Bọ́lá. Bí akọ̀wé bá fi kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ kọ owó rẹ̀ sílẹ̀, ibì kan ló ń lọ. Bó bá fi fóònù kọ ọ́, ibòmíràn ló ń lọ. Bọ́lá kan, àkáǹtì méjì, obìnrin náà sì ti ń sọ fún gbogbo ọjà pé wọ́n jẹ òun lówó.

Ọmọ náà ti ṣe ìdajì iṣẹ́ kó tó wá, bóyá kò tilẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò gbé gbogbo ètò rẹ̀ síwájú wa kó ní ká máa wá àṣìṣe kiri inú rẹ̀. Ó ti ń gé e kúrú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó yọ owó kúrò, ó yọ gbèsè kúrò, títí tó fi ku ìlà méjì: Bọ́lá tó ti kọ̀ǹpútà wá, Bọ́lá tó ti fóònù wá, ó wá bi Python bóyá ọ̀kan náà ni wọ́n. Python ní False, ìyẹn ni pé rárá. Ẹni tó bá lè gé ìṣòro rẹ̀ kúrú bẹ́ẹ̀ ti fi ọ̀wọ̀ fún gbogbo ẹni tó wà ní yàrá. Mo mọ àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí wọn kò lè ṣe é.

Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì ló dìde láti bá a wò ó. Àǹtí ni gbogbo àwọn ọmọdé ibẹ̀ ń pè é. Kó tó tẹ ohunkóhun, ó pa WhatsApp, ó sọ lẹ́tà ojú ìwé di ńlá títí ìlà kan kò fi gbà ju ọ̀rọ̀ mélòó kan lọ, ó wá yí ẹ̀yìn ojú ìwé láti dúdú sí funfun. Oòrùn ọ̀sán ń wọlé láti fèrèsé, pírójẹ́tọ̀ wa kò sì lágbára. Lẹ́tà aláwọ̀ lórí dúdú kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ti kùnà lórí èyí láìmọ̀: ohun tí wọ́n sọ dára, ṣùgbọ́n ìdajì yàrá kò rí i.

Ìṣe rẹ̀ ni pé kì í tẹ Enter lójijì. Yóò kọ ìlà kan, yóò gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, yóò yíjú sí wa: “Kí ni ẹ rò pé ó máa sọ?” Ẹ kò lè sùn níbi tí wọ́n ti ń bi yín bẹ́ẹ̀. Bó o bá ti sọ ohun tí o rò lójú gbogbo èèyàn, àbájáde náà ti kàn ọ́ nìyẹn.

Ó ní ká ka iye lẹ́tà tó wà nínú Bọ́lá ti kọ̀ǹpútà. Mẹ́rin, gbogbo yàrá dáhùn. Ó tẹ Enter, Python ní 5. Ẹ̀rín sọ. Ó ní ti fóònù ńkọ́? Àwọn kan ní mẹ́rin, àwọn kan ní mẹ́fà, ó hàn pé wọ́n ń tafà sínú òkùnkùn. Python tún ní 5. Ibi tí mo ti ń rò pé a ti rí i mú, ó tún bọ́. Iye dọ́gba, síbẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

“Ẹ má wo Bọ́lá mọ́,” ni àǹtí wí. “Ojú ló ń tàn wá. Ẹ jẹ́ ká ka nọ́ńbà.”

Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà tí ìlànà tí wọ́n ń pè ní Unicode fún un. Ó tẹ́ nọ́ńbà ẹ̀yìn B sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Ti kọ̀ǹpútà: 1ECD, 0301. Ti fóònù: 00F3, 0323. Kò ṣàlàyé. Ó dúró. Ọmọbìnrin kan wá fóònù rẹ̀ jáde, ó wá wọn wò níkọ̀ọ̀kan, ó sì ń kà á fún wa: 1ECD ni ọ tó ti ní àmì abẹ́, 0301 ni àmì òkè tó dá dúró. 00F3 ni ó tó ti ní àmì òkè, 0323 ni àmì abẹ́ tó dá dúró. Kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ fi àmì sábẹ́, ó wá fi ti òkè lé e. Fóònù kọ́kọ́ fi ti òkè, ó wá fi ti abẹ́ sí i. Lójú wa, ọ́ ni àwọn méjèèjì.

Unicode fún ọ ní nọ́ńbà, ó fún ó ní nọ́ńbà, ṣùgbọ́n kò fún ọ́ tó ní àmì méjèèjì pọ̀ ní nọ́ńbà kankan. A ní láti tò ó fúnra wa, ọ̀nà tí a sì lè gbà tò ó jẹ́ mẹ́rin, bí a bá ka ti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti o lásán tó wá fi àmì méjèèjì tẹ̀ lé e, abẹ́ ṣáájú tàbí òkè ṣáájú. Kíbọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló ní èyí tó yàn. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní YorubaName ti ṣe kíbọ́ọ̀dù ọ̀fẹ́ fún wa, ó sì ti mú kó rọ èèyàn púpọ̀ lọ́rùn láti fi àmì sórí orúkọ. Àmọ́ ta ló lè sọ pé kí gbogbo akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lo kíbọ́ọ̀dù kan náà?

Àǹtí wá mú unicodedata jáde. Inú Python ló ti ń wá, kò sí ohun tí a ní láti fi dátà fà wálẹ̀, mo sì gbà pé ó mọ ìdí tó fi yàn án, torí dátà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ gbogbo wa. NFC ni orúkọ ìlànà tó lò: yóò to àwọn àmì, ti abẹ́ ṣáájú ti òkè, yóò wá so èyí tó ṣeé so pọ̀. Ó fi Bọ́lá méjèèjì kọjá nínú rẹ̀. “Kí ló máa sọ?” True, ni gbogbo wa pariwo. True ni lóòótọ́. Àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́.

“Ẹ dúró ná.” Ó ní kí ọmọ náà mú orúkọ Bọ́lá wá láti inú fáìlì àtijọ́ tí akọ̀wé ti kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó ní ètò yìí. Ó fi NFC tò ó, ó sì fi wé ti tẹ́lẹ̀. False. Nọ́ńbà tó ti wà lẹ́yìn B nínú fáìlì náà kó tó tò ó ni o, 0329, 0301. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ló kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́: 0329 ni igi kékeré tó dúró ṣánṣán lábẹ́ lẹ́tà, bó ṣe wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ nígbà kan. Lójú fóònù, kò yàtọ̀ sí àmì tó rí roboto. Unicode kò kà wọ́n sí ọ̀kan náà, NFC kò sì ní fọwọ́ kàn án. Àfi kí èèyàn fúnra rẹ̀ fi 0323 rọ́pò rẹ̀.

Ibi tó wá dùn mọ́ mi jù lọ nìyí. Ọmọ kan nawọ́ lẹ́yìn, ó ní ohun tó rọrùn ni, kí a fi NFC tò ó tán, ká wá fi 0323 rọ́pò 0329. Mo rí ojú àǹtí. Ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ náà sọ gan-an ló tẹ̀, bó ṣe sọ ọ́, kò sì mí sí i. False. Ọmọ náà ní kò ṣeé ṣe. “Wá ka nọ́ńbà fún wa,” ni àǹtí wí. Ó bọ́ síwájú, ó ń kà: 00F3, 0323. Ó dákẹ́. Nọ́ńbà Bọ́lá ti fóònù tó dá gbogbo wàhálà sílẹ̀ ni. Nígbà tí NFC pàdé o, igi àti àmì òkè, igi abẹ́ kò dí àmì òkè lọ́nà, ló bá so o mọ́ àmì òkè, ó di ó. Lẹ́yìn náà ni a wá lọ fi àmì abẹ́ rọ́pò igi, a sì fi ọwọ́ ara wa ṣe Bọ́lá ti fóònù padà. Ọmọ náà dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. “Àǹtí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rọ́pò rẹ̀ ká tó tò ó.” Wọ́n yí ìlà méjì náà padà, èyí tó wà lókè wá sísàlẹ̀. True.

Ká ní àǹtí ti sọ fún un ni, ìṣẹ́jú kan ni ì bá gbà, gbogbo wa ì bá sì ti gbàgbé kí a tó sọ̀kalẹ̀. Sùúrù yẹn, kí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ohun tó mọ̀ pé kò tọ̀nà, láìrẹ́rìn-ín, láìfi ojú sọ̀rọ̀, kò sí nínú ìwé Python kankan. Mo rò pé ó ṣòro ju Unicode lọ.

Bàbá tíṣà wá dá a lábàá pé, “Ẹ ò ṣe kúkú yọ gbogbo àmì dànù? Ṣebí Bola lásán la máa ń kọ ní báǹkì yín.”

“Ẹ ṣé gan-an, sà. Ẹ jẹ́ ká wò ó.” Ó tú àwọn lẹ́tà sí wẹ́wẹ́, ó yọ gbogbo àmì, ó sì sọ lẹ́tà ńlá di kékeré. Gbogbo Bọ́lá di bola, bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ó tẹ Òjó, ó tẹ ọjọ́, ó tẹ òjò. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ojo. Ẹ̀rín bú, bàbá gan-an ló rín jù. Àmọ́ kò da àbá náà nù. Ó ní kí ọmọ náà tọ́jú méjèèjì: orúkọ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ fún kíkọ sórí rìsíìtì, èyí tí kò ní àmì fún wíwá nìkan. Bí akọ̀wé bá tẹ bola, kí kọ̀ǹpútà to gbogbo ẹni tó jọ ọ́ síwájú rẹ̀, kí akọ̀wé fọwọ́ ara rẹ̀ yan ẹni tó ń wá. “Ohun tí ẹ sọ ló máa ń ṣiṣẹ́ fún wíwá, sà.” Inú bàbá dùn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni.

Ọmọ náà ti ń kọ ìlà mìíràn. Ó fẹ́ kí kóòdù wá àwọn tó ní àkáǹtì méjì, kó sì da owó wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àǹtí di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kóòdù lè sọ pé orúkọ méjì jọra, kò lè sọ pé ẹnì kan ló ni wọ́n. Kó tẹ orúkọ wọn jáde sórí bébà, kó gbé e fún akọ̀wé, kí akọ̀wé pe Bọ́lá, kí wọ́n jọ yẹ owó wò níwájú rẹ̀. Ọmọ báǹkì ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó mọ Python.

Ó ku díẹ̀ kí a túká ni ẹ̀gbọ́n tó ń darí ìpàdé tún wo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ kò tíì la ẹnu láti àárọ̀. Ó ní òun ní ìṣòro kan tó jọ ti Bọ́lá, bóyá kò tó nǹkan: bí òun bá ní kí Python to ọ̀rọ̀ Yorùbá ní ìtò álífábẹ́ẹ̀tì, gbogbo ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ ń lọ sẹ́yìn y, ó sì ń fi gbàgede ṣáájú gúsù, nígbà tó jẹ́ pé gb yẹ kó tẹ̀ lé g. Àǹtí àti bàbá tíṣà wo ara wọn. Ẹ̀gbọ́n ti ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìpàdé tó ń bọ̀. Ọmọbìnrin náà ní òun kò lè dúró níwájú èèyàn. Ẹ̀gbọ́n ní kó gé e kúrú sí ìlà méjì, kó mú un wá. Ó ronú sí i. Ó ní òun á mú un wá, ṣùgbọ́n kí ẹlòmíràn bá òun tẹ̀ ẹ́.